Ta ni yóò máa bá ilé-iṣẹ́ du kajú wa? Ìbéèrè lórí òwò Bẹ̀nẹ̀ àti Íńdíà

Ọmọ Ṣábẹ béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Agbègbè Ṣábẹ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn òbí mi ti ń dáko, kajú sì ni ilé wa fi ń rówó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Tẹ́lẹ̀, bí kajú bá ti ń já, láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, àwọn alágbàtà a máa wá rà á lábúlé, wọn a kó o lọ sí èbúté Kútọnù, ọkọ̀ òkun a sì gbé e lọ sí Íńdíà tàbí Vietnam pẹ̀lú èèpo rẹ̀ lára. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú eléèpo jáde, wọ́n ní kí a máa pa á, ìyẹn ni kí a yọ èèpo rẹ̀ kúrò, nílẹ̀ wa níbí, pàápàá ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí kò tọ́ kí àwa máa gbin nǹkan kí ẹlòmíràn máa jẹ èrè tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi bi mí pé, bí àwọn ará Íńdíà kò bá lè ra kajú eléèpo mọ́, ta ni yóò máa bá ilé-iṣẹ́ du ọjà òun kí owó rẹ̀ lè gbé pẹ́ẹ́lí? Mo wá èsì tó lè tẹ́ wọn lọ́rùn, n kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni agbára wa wà nínú òwò náà?

Ìyá Oníkajú, Ìdáṣà, fèsì pé:

Ẹ bá mi kí bàbá yín, ìbéèrè wọn jinlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ríra kajú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń díyelé e, torí pé àgbẹ̀ tí kò mọ èyí kò lè ná ọjà náà dáadáa. Oníbàárà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo àpò lásán. Yóò bu díẹ̀díẹ̀ nínú àpò púpọ̀ títí yóò fi pé kílò kan, yóò ka iye kóró tó wà níbẹ̀. Bí ó bá tó igba tàbí tó dín díẹ̀, kóró náà tóbi, bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kóró náà kéré. Lẹ́yìn èyí ni yóò la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, yóò sì tò wọ́n sórí tábìlì: èyí tó funfun tó sì kún sí apá kan, èyí tó ní àmì dúdú sí apá kejì, èyí tó bu tàbí tó rọ sí apá kẹta. Ọmọ inú tó dára ni yóò wọ̀n, yóò sì fi ṣírò iye pọ́n-ùn (ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò) tí yóò jáde nínú àpò oníkílò 80. Bí ó bá tó 48, ọjà gidi nìyẹn. Bí ó bá wálẹ̀ sí 44, owó ti já, kódà bí àpò náà bá kún dé ẹnu.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí èso náà já fúnra rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀pá lù ú, kí wọ́n sá kóró náà kí ó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì rọ ọ́ sínú àpò ọ̀gbọ̀, kì í ṣe àpò ọ̀rá tó ń mú un bu. Òfin ìjọba kò yí ìwọ̀n yìí padà. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé ń wọn ohun kan náà tí àwọn ará Íńdíà ń wọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òwò Àgbáyé fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá fún àlàyé yìí. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìhà ti àwọn ìjọba, nítorí pé níbẹ̀ ni mo rò pé ìdáhùn bàbá wà.

Ìlú Kollam ní ìpínlẹ̀ Kerala ni ojúkò pípa kajú ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ń fi iṣẹ́ yìí jẹun níbẹ̀. Kajú tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ wọn kò tó ohun tí ilé-iṣẹ́ wọn lè pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbára lé ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà pípẹ́. Vietnam náà gba ọ̀nà yìí, ó fi ẹ̀rọ kún un, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ Íńdíà nínú títa ọmọ kajú sí òkèèrè ní ọdún 2006. Ẹ wo ohun tí Íńdíà ń ṣe ní ibodè rẹ̀: owó ibodè tó wà lórí kajú eléèpo kéré, èyí tó wà lórí ọmọ kajú tí a ti pa sì ga ju ìyẹn lọ gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí ohun ọ̀gbìn wa wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ tí a ṣe sórí rẹ̀ bá a wọlé. N kò bá wọn jà lórí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọdún púpọ̀ ni àwa fi ń wò ó láìṣe tiwa.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òfin Bẹ̀nẹ̀ yóò ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń ra ìrẹsì Íńdíà jù lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ń gba ẹnubodè kọjá sí Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2023, Íńdíà fòfin de kíkó ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati (ìrẹsì wọn tó gùn, tó ń ta sánsán) jáde, nítorí kí oúnjẹ má baà wọ́n jù fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi owó ibodè ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìrẹsì tí a bọ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tú òfin náà. Bẹ̀nẹ̀ kò torí rẹ̀ pe Íńdíà ní ọ̀tá, àjọṣe tí Ram Nath Kovind, Ààrẹ Íńdíà nígbà náà, wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tó ṣàbẹ̀wò sí Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2019 kò sì bàjẹ́. Bí orílẹ̀-èdè kan bá lè de ìrẹsì rẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀, èkejì lè de kajú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, kí ìkíni sì máa lọ láàrin wọn.

Nípa ẹni tí yóò máa du ọjà: òfin náà kò lé ará Íńdíà lọ. Ó ní kí ó wá pa kajú níbí ni. Bí oníléeṣẹ́ láti Íńdíà, láti Vietnam àti láti Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ bá pọ̀, àgbẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò tajà fún. Bí wọ́n bá kéré, tí ẹnu wọn sì kò, ìbẹ̀rù bàbá yín tọ̀nà, iye tí ìjọba ń kéde lọ́dọọdún pé owó kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù ú lọ nìkan ni yóò sì kù fún wọn láti dì mú.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ fèsì pé:

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, kajú eléèpo ṣì ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni kílò márùn-ún kajú eléèpo kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan ọmọ kajú lọ bí a bá ti yọ èèpo kúrò, ìyókù jẹ́ ẹrù tí a ń sanwó ọkọ̀ lé lórí lásán. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Tanzania. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣòwò kọ̀ láti ra kajú ní iye tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́, Ààrẹ Magufuli sì ní kí ìjọba ra gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun sì máa kó o. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló dúró pẹ́ kí owó wọn tó dé. Bí owó ilé-iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ bá kéré sí ti òde, kajú yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bọ́ sí Tógò tàbí sọ́dọ̀ wa, kò sí aṣọ́bodè tó lè ṣọ́ gbogbo igbó.

Ọmọ Ṣábẹ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó ti yé mi pé ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ ni pé ilé-iṣẹ́ mélòó ló ń ra kajú, ati pé ta ló ń bá Íńdíà sọ̀rọ̀ lórí owó ibodè ọmọ kajú. Ìyá, ǹjẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kékeré lè ní irinṣẹ́ ìdánwò tí ẹ sọ yẹn fúnra wọn?

Ìyá Oníkajú, Ìdáṣà, fèsì pé:

Wọ́n lè ní in. Ìwọ̀n kékeré tó péye, ohun tí a fi ń la kóró, tábìlì kan àti ìwé tí wọn yóò máa kọ èsì sí ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ìdánwò náà ṣáájú kí oníbàárà tó dé, kí wọ́n sì tún ṣe é lójú rẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe é, alágbàtà kì í lè sọ fún wọn pé kajú wọn kò dára mọ́.