Láísẹ́ǹsì Tuntun, Ọwọ́ Tí Ó Ti Gbàgbé

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, Òṣogbo:

Ẹ̀yin ará mi lẹ́nu iṣẹ́ pàjáwìrì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ẹni tí nǹkan ṣe lójijì wá. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ lára wa ló ń sáré kiri báyìí láti sọ tirẹ̀ dọ̀tun, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí mo ti ń gbé sínú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà ń béèrè pé kí a sọ láísẹ́ǹsì wa dọ̀tun, àti pé wọ́n máa ń bèèrè ẹ̀rí pé a lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ranyàn fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní MCPDP. Nígbà tí àsìkò tèmi tó ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwa mẹ́ta péré la wà lórí iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí ó yẹ kí ó ní nọ́ọ̀sì mẹ́fà, kò sì sí ẹni tí ó lè dúró fún mi. Ẹnì kan lára àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wá sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n san owó, kí n wá fọwọ́ sí ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí n sì padà wá gba sátífíkéètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo fọwọ́ sí ìwé, mo gun ọ̀kadà padà sílé, mo sùn, nítorí pé iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè mí.

Láísẹ́ǹsì jáde. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà mi wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè wò ó kí ó mọ̀ pé n kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ni níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta tún pé, mo wà ní ìsinmi, mo sì lọ bí ó ti yẹ. Gbọ̀ngàn kan ní apá Òkè-Fìà ni, àwa tí a wà níbẹ̀ sì tó ogójì. Olùkọ́ tẹ́ ọmọlangidi tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró sílẹ̀ lórí ẹní. Iná kékeré wà ní èjìká ọmọlangidi yìí: pupa ló ń tàn bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá ṣe é tó, àwọ̀ ewé sì ló ń tàn bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jáde wá. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo kúnlẹ̀ tì í, ọkàn mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Pupa ló tàn. Mo fi agbára kún un, iná náà yí padà, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó tún fi padà sí pupa, nítorí pé apá ti ń ro mí, ìgbọ̀nwọ́ mi sì ti ká láìjẹ́ pé mo mọ̀. Olùkọ́ náà kò jágbe mọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó rọra fi ọwọ́ rẹ̀ na ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí èjìká yín wà lókè ọwọ́ yín gan-an. Ìwúwo ara yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi apá nìkan ṣe é.”

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé ní ọdún 2008, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà ọ̀fun, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí a tó wá tẹ àyà. Ní ọdún 2010 ni American Heart Association, ẹgbẹ́ ìlera ọkàn ti Amẹ́ríkà, ti yí ètò yìí padà fún àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró: àyà ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀ báyìí, nítorí pé atẹ́gùn díẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, ohun tí kò sí ni ohun tí yóò ti ẹ̀jẹ̀ náà dé ọpọlọ. Ní ọdún 2015 wọ́n tún là á kalẹ̀ pé títẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà láàrín 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó má sì ju 6 lọ, kí a sì jẹ́ kí àyà padà sókè tán kí a tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú méjì méjì ni kí a máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wa, nítorí pé àárẹ̀ máa ń mú ọwọ́ kí ẹni tó ni ọwọ́ tó mọ̀. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé tí mo padà lọ sùn.

Ohun tí ó ń dùn mí nìyí. Láàrín ọdún mẹ́ta tí mo fi gbé láísẹ́ǹsì yẹn kiri, wọ́n gbé màmá kan wá bá wa ní ìdájí, aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́. Ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró níṣojú wa. Èmi ni mo tẹ àyà rẹ̀. Èmi nìkan, fún ìgbà pípẹ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí pé mo rò pé akínkanjú ni ẹni tí kò bá dẹwọ́. Màmá náà kò padà. N kò lè sọ pé ìbá yè bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ọkàn wọn bá dúró kì í padà, bó ti wù kí ọwọ́ mọ iṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná pupa náà tàn ní èjìká ọmọlangidi, ọwọ́ aláró yẹn ni mo rí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín.

Awakọ̀ áńbúláǹsì:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọkàn akin. Kò rọrùn láti sọ irú èyí síta. Ní tèmi, Ìbàdàn ni mo máa ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó àpò mi ni mo sì fi ń wọkọ̀, nítorí pé ibi iṣẹ́ mi kò san kọ́bọ̀ rí. Mo ti bínú sí i títí. Síbẹ̀, ọjọ́ kan péré nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ó yí iṣẹ́ mi padà. Wọ́n sọ fún wa pé oògùn kan wà tí ń jẹ́ tranexamic acid, tí ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, àti pé láàrín wákàtí mẹ́ta sí ìgbà tí ènìyàn fara pa ni ó ń ṣiṣẹ́ ìgbàlà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè pa onítọ̀hún lára. Dókítà ló ń pàṣẹ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n báwo ni dókítà yóò ṣe mọ̀ bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, tí ẹni tó gbé aláìsàn wá kò bá mọ ìgbà tí ọkọ̀ forí sọra?

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ibi ìjàǹbá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú mọ́lẹ̀ gírígírí, ìbéèrè tí mo ń bi àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni pé, “Aago mélòó ló ṣẹlẹ̀?” Mo máa ń fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, nítorí pé ìwé máa ń sọnù. Ìyàwó mi máa ń rí nọ́ńbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá ń jẹun alẹ́, kò sì béèrè mọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Amẹ́ríkà:

Ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú áńbúláǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí gẹ́gẹ́ bí EMT, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ọdún méjì méjì ni National Registry, àjọ tó ń fún wa ní ìwé-ẹ̀rí, ń sọ ìwé-ẹ̀rí wa dọ̀tun, ọjọ́ 31 oṣù kẹta sì ni gbèdéke rẹ̀. Wákàtí 40 ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ irú èmi, 60 sì ni ti àwọn paramedic, tí ipò wọn ga ju tiwa lọ. Ẹ má rò pé ìdẹwò tí ẹ sọ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà, mo sì ti ṣí fídíò sílẹ̀ rí kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo wà ní ilé ìdáná tí mò ń ro àmàlà. Wákàtí náà pé, n kò sì lè sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín ni n kò ti gbádùn.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, Òṣogbo:

Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin awakọ̀ wa, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín lójú pópó. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ aago yẹn fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, a ó sì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé aláìsàn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń ṣe báyìí, nítorí pé ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ọwọ́. Láàrín oṣù díẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbàgbé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́, a máa ń tẹ́ fóòmù tó nípọn sílẹ̀, a ó wọ ẹ̀wù aláìsàn fún un, a ó sì gbé fóònù tí ń dún ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì méjì ni oníkálukú ń ṣe, ẹni tó dúró sì ń wo ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó kúnlẹ̀. Kò ní iná kankan tí yóò sọ fún wa bí ó bá wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ibẹ̀ ni ìṣòro wa kù sí. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ti lè yá ọmọlangidi gidi ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan lóṣù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi. A ó wá gbé e fúnra wa, a ó sì dá a padà ní mímọ́.