Hue kì í ṣe títàn àwọ̀

Ẹ̀yin ará, mo rí àbá pé lédè Yorùbá, ká máa pe hue, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá àwọ̀ kan jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù, ní "ìtànyòò àwọ̀". Ẹ má bínú, mi ò lè gbà á, torí iṣẹ́ ẹ̀dítìn fídíò ni mò ń ṣe jẹun, ohun tí plug-in hue, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tá a ń fi kún ètò ẹ̀dítìn láti tún hue ṣe, ń ṣe ò kan títàn rárá. Ó ń ṣí àwọ̀ nípò lọ síbòmíì ni. Róbótó ni wọ́n to àwọn àwọ̀ sí, pupa wà ní digírì 0, àwọ̀ ewé ní 120, búlúù ní 240, tó o bá fi máa dé 360 o ti padà sọ́dọ̀ pupa nìyẹn.

Ẹ wo Hue vs Hue, irinṣẹ́ onílà tá a fi ń yí hue kan sí òmíì, nínú DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe ẹ̀dítìn fídíò. Ká ní gèlè ìyàwó jáde bí àwọ̀ ewé nínú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ turquoise (àwọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti búlúù) ni lójú ayé, màá tẹ gèlè yẹn lórí àwòrán, àmì mẹ́ta á yọ lórí ìlà, màá fa ti àárín díẹ̀díẹ̀, gèlè á máa sún lọ sápá búlúù, mi ò sì fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀.

Ara èèyàn gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Kọ́sítọ́mà á ní "ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀ sí i", ẹ̀dítọ̀ tó bá wá lọ yí hue sápá pupa, ojú ìyàwó á dà bí ẹni tó fi osùn kunra! Ìmọ́lẹ̀ lonítọ̀hún ń bèèrè. Ìlà kan wà fún ara èèyàn lórí vectorscope, ìyẹn àtẹ róbótó tó ń fi àwọn àwọ̀ inú fídíò hàn, ẹni dúdú ni o, ẹni pupa ni o, òyìnbó ni o, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn náà ni gbogbo wa ń bọ́ sí, torí melanin àti ẹ̀jẹ̀ ló ń fún awọ gbogbo wa láwọ̀. Ohun tá a wá ń pè ní dúdú àti pupa lára èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe hue.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká pe hue ní "irú àwọ̀", ká pe iṣẹ́ plug-in ọ̀hún ní "yíyí àwọ̀", torí à ń yí i lórí róbótó yẹn, ó sì ń yí padà lóòótọ́. Plug-in fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, ohun tí gbogbo ẹ̀dítọ̀ ń pè é náà nìyẹn.

Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ki tó, ló kù. "Kíki àwọ̀" ni mo fara mọ́, torí a ti ní òdìkejì ẹ̀ nílẹ̀, aṣọ tí àwọ̀ ẹ̀ ti lọ, a ní ó ṣí. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi dárí ẹ̀dítọ̀ kan nídìí kọ̀ǹpútà ná.