Crappie létí adágún nígbà tí òtútù ń lọ: ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Texas

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, crappie, ẹja adágún tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ìwọ̀ pa níbí ní Amẹ́ríkà, sì ti ń bọ̀ létí. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹlòmíràn tó sọ tirẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ń dẹ ìgèrè, ó ń da àwọ̀n, ìyá bàbá mi ló ń tà á. Nígbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní Texas ní ká jọ lọ pẹja, ẹ̀rín ni mo fi rín. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ apẹja ní ẹja pípa? Ó ní òun ò kọ́ mi, àmọ́ kí n lọ gba láísẹ́ǹsì, kí n sì gbàgbé ìgèrè àti àwọ̀n, torí ọ̀pá àti okùn nìkan ni òfin Texas gbà kéèyàn fi pa crappie.

Orúkọ ẹja náà ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe pè é ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìdẹ. Bàbá òyìnbó tó ń tajà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kráàpì ni," ló wí. "Ohun tí ìwọ pè yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la ti ń ṣe é." Mo ra ẹja wẹ́wẹ́ méjìlá méjì, mo sá jáde.

Ìparí oṣù February ni. Oòrùn ti ràn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo ní òtútù ti parí. Mo dúró létí Lake Lewisville, mo ń ju ìwọ̀ jìnnà bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ọkà, torí ohun tí mo mọ̀ láti ilé ni pé ibú ni ẹja ńlá ń gbé. Wákàtí márùn-ún, ẹja kan ò fẹnu kan ìdẹ mi. Ẹsẹ̀ mi kú tipiri nínú bàtà.

Mo padà lọ ní ìparí March, nígbà tí igi redbud ti yọ òdòdó aláwọ̀ osùn sára ẹ̀ka tí ò tíì ní ewé. Màmá àgbà kan, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, jókòó sórí àga lápá ọ̀tún mi, níbi tí wọ́n to òkúta sí etí omi. Kò ju ìwọ̀ rárá. Ńṣe ló kàn ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀, níbi tí omi ò ti ju orókún lọ, ó sì ń yọ ẹja bí ẹni ń ṣa ẹ̀fọ́. Èmi ṣì ń ju tèmi lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ọmọ mi, orí àwọn ẹja yẹn lò ń ju ìwọ̀ rẹ kọjá."

Òun ló là mí lójú. Bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 60 sí 65 lórí Fahrenheit, crappie á wá yé ẹyin sétí. Akọ ló ń kọ́kọ́ dé, á dúdú bí ìdí ìkòkò, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin. (Epìyà wa náà ń gbẹ́ ihò síbi omi ò jìn. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, ojú òyìnbó ni ò jẹ́ kí n rántí.) Òkè ni ojú crappie ń wò, ohun tó bá wà lókè orí rẹ̀ ló máa rí. Tí bobber yín (ohun tó ń léfòó lórí omi, tó ń gbé ìdẹ ró lórí okùn) bá jẹ́ kí ìdẹ rì kọjá rẹ̀, ẹ ti ṣòfò.

Mo gbọ́ o. Mo dín okùn kù, ẹja gbé e. Mo fà á fìrì bí ìgbà tí mo bá pàdé àrọ̀. Ètè ẹja kù sára ìwọ̀, ẹja lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Màmá yẹn ò tilẹ̀ wò mí mọ́. Ó kàn ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Gbé e, má fà á. Gbé e." Mẹ́sàn-án ni mo mú lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo dá mẹ́rin padà torí wọn ò tó íǹṣì 10. Márùndínlọ́gbọ̀n ni òfin fún ẹnì kan lóòjọ́ níbí. Ẹ gbé rúlà dání, ẹ má fi ojú wọn ọ́n.

Màmá Kẹ́hìndé, Georgia

Àbúrò, o káre. Ti Lake Lanier nìyí. Omi wa mọ́ gaara, torí náà ẹja kì í sún mọ́ etí tó tiyín, abẹ́ igi tó wó sínú omi ni mo ti ń rí wọn. Igi yẹn jẹ ìwọ̀ mi tán, àfi ìgbà tí mo ra ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá há, mo fà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi nà, á yọ, mo fi ọwọ́ ká a padà.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú ni òtútù tó ń padà wá. Lọ́jọ́ Sátidé mo pa mọ́kànlá. Afẹ́fẹ́ àríwá fẹ́ lóru, mo padà lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo sá ṣọ́ọ̀ṣì, àṣírí tú. Òfo. Ẹja ti padà sí ibú. Pásítọ̀ mi rí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Louisiana

Níbí, sac-a-lait ni wọ́n ń pè é, tó dà bí "àpò wàrà" lédè Faransé. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ń gbé sac-a-lait bọ̀, mo ti po gàrí sílẹ̀ dè é, mo rò pé mílíìkì ni. Ẹ̀yin àgbà, báwo lẹ ṣe ń sè é?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Texas

Má sè é, á fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo pa á lára níbí kí wọ́n tó dín in, ó dára. Èmi ń fi iyọ̀ àti ata gígún pa á, mo dín in gbẹ, ọbẹ̀ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀bà tó le. Ìyàwó mi ní egungun rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó jẹ ṣàwá dàgbà!

Màmá Kẹ́hìndé, Georgia

Mo padà lọ lánàá pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo so bobber tirẹ̀ kí ìdẹ má rì ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, torí àbúrò ní kó má rì kọjá ẹja, ìdẹ tèmi wà ní mẹ́fà. Ó pa mẹ́rin, mo pa ẹyọ kan. Nínú mọ́tò, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun máa kọ́ mi.