Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bóòtù dà bí ògì bàbà: ṣé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, àbí ẹ́ńjìnnì kàn ń làágùn?

Atukọ̀ Marina

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 115, four-stroke, oní-sìlíńdà mẹ́rin, ló wà nídìí bóòtù tó ń kó èrò láti CMS sọdá sí Àpápá, l'Ékòó níbí. Bí a bá fa géèjì yọ láàárọ̀, ọ́ìlì ti ki, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ògì bàbà. Ìfófó funfun lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Ọ́ìlì tún fi nǹkan bí ìbú ìka kan ga ju àmì òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bu kún un. Ẹ́ńjìnnì kì í gbóná jù, omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lágbára. Mẹ́káníìkì ní ká sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ká pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín orí àti ara rẹ̀. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó náwó yẹn?

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ Mákòkó

Ẹ má tíì sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ o. Ẹ má sì fi ọ́ìlì yẹn ṣiṣẹ́ mọ́, títí kan ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọ́ìlì tó ti po mọ́ omi ò lágbára láti ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Bíàríńgì kiránkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi sábà máa ń gbà dé ibi ọ́ìlì. Àkọ́kọ́ ni òógùn: ìrì tó ń sẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó láti lé e jáde. Èkejì ni omi ọ̀sà tó gba tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé, tàbí tó gba ihò tí iyọ̀ ti jẹ sára alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta ni omi tó gba ọ̀nà èéfín padà sẹ́yìn wọ sìlíńdà.

CMS sí Àpápá ò jìnnà. Ẹ́ńjìnnì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa móoru ni ẹ ó ti pa á láti kó èrò mìíràn, nítorí náà òógùn ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹ ṣí ìdérí thermostat, ìyẹn ohun tó ń dá omi tútù dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì létí omi máa ń yọ ọ́ jù nù, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà nìyí: omi tútù á máa sáré gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá láìdúró, ọ́ìlì ò ní gbóná tó, ìrì á jókòó sínú rẹ̀, bẹntiróòlù tí kò jó tán á sì máa gba ara ríǹgì písítìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ẹ gbóòórùn géèjì yẹn. Bí ó bá ń rùn bẹntiróòlù, ẹ ti mọ ohun tó ń gbé ọ́ìlì gòkè.

Ẹ tún bi omi náà léèrè ibi tó ti wá. Ẹ da ọ́ìlì sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí omi lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi sìríǹjì fa omi ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ kán ìkán mẹ́wàá sórí ṣíbí irin tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí iná kékeré, jìnnà sí bóòtù àti kẹ́ẹ̀gì epo. Omi òógùn ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ ju àbàwọ́n ọ́ìlì lọ. Omi ọ̀sà á fi èépá funfun tó ṣeé họ sílẹ̀.

Ọmọ Ìta Fájì

Àyẹ̀wò iyọ̀ yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù tí a wà kí ẹ tó gbà á gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń rọ́ wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ á pọ̀. Bí òjò bá ti dé, omi odò Ògùn àtàwọn odò yòókù á ti iyọ̀ sẹ́yìn, omi ọ̀sà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi òjò láwọn ibì kan. Ṣíbí tí kò ní èépá nínú oṣù keje ò tíì dá gásíkẹ́ẹ̀tì láre. Ẹ kán ìkán mẹ́wàá omi tí ẹ bù létí bóòtù sórí ṣíbí kejì, ẹ gbẹ ẹ́ bákan náà, ẹ wá fi méjèèjì wéra.

Lẹ́yìn ìyẹn, púlọ́ọ̀gì ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ fa okùn ìpaná, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì, yọ. Bí ẹ bá ti sítáàtì tí ẹ́ńjìnnì sì há gbọnin láìyí, ẹ má fipá mú un. Omi ò ṣeé fún pọ̀, ọ̀pá písítìnì ló máa tẹ̀. Ẹ to púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí aṣọ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, láti 1 dé 4. Bí mẹ́ta bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ọ̀kan funfun bí ohun tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí ìpẹtà sì ti mú un nídìí, inú sìlíńdà yẹn ni omi ń wọ̀.

Ẹ wá wọn compression, ìyẹn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: ẹ́ńjìnnì lílọ́wọ́ọ́wọ́ (lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì tó bàjẹ́ yẹn), púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níta, throttle (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) ní ṣíṣí tán, bátìrì tó kún. Kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá 10 nínú 100 dín sí èyí tó ga jù. Ẹ má wo gíga nọ́ńbà nìkan, torí àwọn four-stroke kan ní ohun tó ń dín compression kù nígbà ìsítáàtì. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni kí ẹ wò. Bí méjì tó fara kanra bá jọ lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti já láàárín wọn.

Compression tó dára ò sì sọ pé kò síhò níbì kan. Ìpẹtà lè lu ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀nà omi àti ọ̀nà ọ́ìlì, kó má kan sìlíńdà rárá. Ẹ fa ọ́ìlì jáde tán, ẹ fi nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ so rọ́bà omi mọ́ ojú ìfọ̀ ara ẹ́ńjìnnì láì sítáàtì, kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi bá kán ní ojú nọ́ọ̀tì yẹn, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ orí ẹ́ńjìnnì.

Oníbóòtù Badore

Ẹ wo ọ́ìlì gíà náà. Bí òun náà bá funfun, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀: síìlì ọ̀pá pírópẹ́là, tàbí wáṣà nọ́ọ̀tì tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fọn 10 psi atẹ́gùn sí i, kó dúró fún ìṣẹ́jú 5 láìrọ̀. Ẹ má kọjá 15, torí síìlì tó dára lè ṣí kúrò.

Atukọ̀ Marina

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Kò sí thermostat níbẹ̀ rárá. Ìyẹ̀fun funfun ti bo ibi ìjókòó rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́ láwọn ibì kan. Géèjì ń rùn bẹntiróòlù. Ṣíbí ọ́ìlì ò ní èépá, ṣíbí omi ọ̀sà ní, ó nípọn. Àwọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Compression: 170, 168, 172, 169. Rọ́bà ṣàn fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀kán kan ò jáde. Ọ́ìlì gíà mọ́.

Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ Mákòkó

Ẹ má ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Thermostat ni kí ẹ rà, èyí tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín dárúkọ gan-an. Kí ẹ tó dè é, ẹ há òwú sẹ́nu rẹ̀, ẹ fi òwú náà gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú tẹmómítà, kó má kan ìdí ìkòkò. Bí ó bá ṣí, á já bọ́ kúrò lára òwú. Ti àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sábà máa ń ṣí láàárín 50 sí 60°C. Kí tiyín bá nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ mu.

Ẹ fi igi tàbí ike họ ìyẹ̀fun yẹn, ẹ má fi irin họ ọ́. Bí jíjẹ náà bá ti gba ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó kọjá, ẹ pààrọ̀ ìdérí yẹn, torí gọ́ọ̀mù ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi gíríìsì tí omi ò lè fọ̀ sára bóòtì irin kí ẹ tó dè wọ́n padà. Ìyẹ̀fun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tún fi hàn pé kí ẹ wo anode, ìyẹn irin tí a dè mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ìpẹtà lè jẹ òun dípò rẹ̀, títí kan àwọn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Anode alumíníọ́ọ̀mù ló bá ọ̀sà wa mu, tí iyọ̀ ń wá tó sì ń lọ. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà. Ọ̀dà á pa á kú.

Fún ọ́ìlì: ẹ rọ tuntun tí owó rẹ̀ ò pọ̀ pẹ̀lú fílítà tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ fà á jáde. Ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní funfun mọ́. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wá rọ ojúlówó rẹ̀, kí ẹ tún pààrọ̀ fílítà.

Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí omi borehole lẹ̀ ń lò lápá Island, ẹ kán an sórí ṣíbí náà kẹ́ ẹ wò ó, torí àwọn kan níbẹ̀ níyọ̀. Lójoojúmọ́, kí bóòtù ní ìrìn kan tó tó ìṣẹ́jú 30 lórí eré iṣẹ́, kí ọ́ìlì lè gbóná lé ìrì jáde.

Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ 10, ẹ fa géèjì yọ láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì. Bí ọ́ìlì bá tún gòkè, ẹ ṣe leak-down, ìyẹn kí ẹ fọn atẹ́gùn sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo iye tó ń jò, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí.