Àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn ahunṣọ òfì: báwo ni ẹgbẹ́ Lions kékeré ṣe lè ṣètò rẹ̀?

Akọ̀wé_Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Lion àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ìlú. Ẹgbẹ́ Lions kékeré (Lions ni ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fún ìlú) ni tiwa ní agbègbè Ìsẹ́yìn, a ò tó ogún. Ọjọ́ Ìríran Àgbáyé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù kẹwàá, a sì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn ahunṣọ òfì, àwọn télọ̀ àti àwọn ìyá ọjà. Bí igba èèyàn là ń wò.

Awò ìkàwé mélòó ni ká rà, nọ́ńbà agbára awò wo ló sì yẹ kó pọ̀ jù? Èèyàn mélòó ló yẹ kó wà nídìí iṣẹ́ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lórí? Ẹnì kan fẹ́ fi àpótí awò àlòkù méjì ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ká gbà á? Paríparí rẹ̀, fẹ́lóṣíìpù wa, ìyẹn ìpàdé àwa ọmọ ẹgbẹ́, ti tutù. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá wà nìkan ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pé. Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí lè ta á jí?

Dókítà_Awò

Ẹ kú ìmúra, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí awò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ná owó sódì.

Bí èèyàn bá ti tó nǹkan bí ogójì ọdún, lẹ́ǹsì inú ẹyinjú rẹ̀ á ti máa le, kò ní rọ̀ mọ́ láti wo ohun tó sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó ń rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè kò fi lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tó irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ méjèèjì bá ríran ọ̀nà jíjìn dáadáa. Nínú ọgọ́rùn-ún awò, ẹ ra +1.00 mẹ́wàá, +1.50 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, +2.00 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, +2.50 méjìlélógún, +3.00 mẹ́tàlá, +3.50 márùn-ún. Fún igba èèyàn tó jẹ́ pé àgbà ló pọ̀ nínú wọn, ẹ ra igba ó lé díẹ̀, kí nọ́ńbà àárín má baà tán ní ọ̀sán. Àwọn nọ́ńbà àárín yẹn ló máa ń kọ́kọ́ tán, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín èyí tó kù fún ẹni tí kò bá a mu.

Ọjọ́ orí á fi ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn yín: +1.00 fún ẹni ogójì ọdún, +1.50 fún ẹni márùndínláàádọ́ta, +2.00 fún àádọ́ta, +2.50 fún márùndínlọ́gọ́ta sókè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ lẹ ó parí sí, pàápàá fún ahunṣọ. Ẹni tí lẹ́ǹsì ojú rẹ̀ kò lè rọ̀ mọ́ rárá láti wo ohun tó sún mọ́ ọn, +2.50 á jẹ́ kó rí ohun tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà, níbi tí a ń gbé Kùránì tàbí Bíbélì sí. +2.00 ń ṣiṣẹ́ ní 50, +1.50 ní nǹkan bí 67. Òwú tó wà lórí òfì sábà máa ń jìnnà sójú ju ìwé lọ. Bí ẹ bá fún ahunṣọ ní +2.50 nítorí pé ó fi ka lẹ́tà kékeré lórí bébà, á délé, á jókòó sídìí òfì, òwú á máa ṣú lójú rẹ̀, á sì bọ́ awò náà sínú àpò títí láé. Ẹ ní kó jókòó kó na ọwọ́ bí ẹni tó ń hunṣọ, kí ẹ fi téèpù wọn ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ẹ wá fi òwú gidi dán an wò níbẹ̀. Ẹ mú òwú dúdú dání pẹ̀lú funfun, torí èyí tó ṣókùnkùn ló máa ń fi àìríran hàn kíákíá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà tó fi 0.50 kéré sí ti ìwé kíkà ni yóò bá a mu.

Kí ẹnikẹ́ni tó gba awò, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìríran ọ̀nà jíjìn rẹ̀ wò. Mítà mẹ́fà gééré láti pátákó lẹ́tà dé ẹsẹ̀ àga, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbẹ̀, torí àga máa ń rìn síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Fún ẹni tí kò kàwé, ẹ lo pátákó E tó kọjú síbí kọjú sọ́hùn-ún, kó fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ E náà kọjú sí. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó fi ọwọ́ tẹ ojú kejì, nítorí tó bá ṣí i, ó máa ríran bàìbàì fún ìgbà díẹ̀. Páálí ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Pátákó náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn sí i lára, kí oòrùn má sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí ìlà 6/12 (ìlà tí ojú tó dáa ń rí láti mítà méjìlá), ẹ jẹ́ kó wò ó láti inú káàdì oníhò kékeré. Bí ìríran rẹ̀ bá gbéra sókè, awò tí wọ́n fara balẹ̀ wọ̀n fún un ló nílò. Bí kò bá yí padà, nǹkan mìíràn wà nínú ẹyinjú, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló ń lọ. Ihò kékeré yìí ló ń ya èèyàn sí ọ̀nà méjì, ẹ má ṣe àyẹ̀wò kankan láìsí i.

Ní ti òṣìṣẹ́: ojú ọ̀tún, ojú òsì àti ihò ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin fún ẹnì kan. Igba èèyàn lórí pátákó méjì á tó wákàtí mẹ́fà. Pátákó mẹ́ta á mú un wá sí mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni mẹ́fà nídìí pátákó, méjì níbi ìforúkọsílẹ̀, mẹ́ta níbi awò, ẹnì kan tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, optometrist (oníṣẹ́ ìlera tó ń yẹ ojú wò tó sì ń wọn awò) méjì tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ODORBN, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì nọ́ńbà. Tí igba káàdì bá ti tán, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ kéde bẹ́ẹ̀ ṣáájú ní ọjà àti ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ó má baà di ìjà. Ẹ má sì fi í sí ọjọ́ ọjà. Àwọn ìyá kò ní fi àtẹ sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wọn á rọ́ dé.

Ti àpótí Lọ́ńdọ̀nù: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi owó tí ì bá fi kó o ránṣẹ́. Ojú ẹnì kan pàtó ni wọ́n ṣe awò àlòkù fún: nọ́ńbà ọ̀tún lè yàtọ̀ sí ti òsì, àárín lẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì ní bọ́ sí àárín ojú ẹlòmíràn. Àwọn ibùdó tí Lions ní lókèèrè fún irú awò bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Àpótí tí a dì nílé kò rí bẹ́ẹ̀, IAPB, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti ìfọ́jú, kò sì gbani níyànjú láti pín àlòkù rárá.

Alága_Iṣẹ́_Ojú

Gbogbo ohun tí Dókítà sọ péye. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó ń dùn mí jù kún un: àwọn tí awò kò ràn.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún afọ́jú tó ti tó ogójì ọdún, cataract (lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú bíi kùrukùru) ló fọ́ ojú bí 43 nínú wọn, glaucoma (àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀) sì fọ́ ti bí 17. Èyí tó pọ̀ jù yẹn, iṣẹ́ abẹ ló ń wò ó. Nígbà náà, bí ẹ bá pe igba àgbà jọ, tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìyá kan, tí ẹ sọ fún un pé cataract ni, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ tí ẹ ò sì padà pè é, ẹ ti ṣe é ní ibi. Àwọn tó ń kiri abúlé tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ǹsì náà ṣubú sẹ́yìn nínú ojú kò jìnnà. Lọ́jọ́ náà ìyá á rí ìmọ́lẹ̀, á yọ̀. Nígbà tó bá yá, ojú náà á wú, á máa ro ó, ó sì lè fọ́ pátápátá. Ẹni tí a ti sọ fún pé ojú òun ṣeé wò, tí kò rí ẹni wò ó, òun ló ń yára sá tọ̀ wọ́n lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra awò kan ṣoṣo, ẹ ya owó iṣẹ́ abẹ sọ́tọ̀. Èrò mi ni pé kó tó ìdajì gbogbo owó náà. Bí owó bá tó ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ mú àwọn tí ojú wọn méjèèjì ti bò ṣáájú ẹni tó ṣì ní ojú kan tó dáa. Ẹ bá ilé ìwòsàn kọ ìwé àdéhùn, kí ohun tó wà nínú owó náà hàn: wíwọn ojú kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì tí wọ́n máa fi sí i (ẹ má gbà fún ẹni tó ní nọ́ńbà kan náà ni òun ń fi sójú gbogbo ènìyàn), lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ìbòjú, oògùn ìkán sójú tó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àti ìbẹ̀wò mẹ́ta: ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn bí oṣù kan. Ìbẹ̀wò kẹta ni wọ́n máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi hàn bóyá ẹni náà tún nílò awò díẹ̀ kó tó ríran dáadáa.

Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ọmọ tàbí aládùúgbò, torí ti ìyá fúnra rẹ̀ lè má lọ. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan fún gbogbo wọn, àti ẹbí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú. Ohun tó ń dá èèyàn padà jù lórí tábìlì ni ẹ̀jẹ̀ tó ti lé ní 180 lórí 110.

Ẹni tó bá ní glaucoma, ẹ má fún un ní ìgò oògùn ọ̀fẹ́ kan kí ẹ sì máa lọ. Ìgò kan kì í ju bí oṣù kan lọ, ohun tó sì ti bàjẹ́ kò ní padà. Ẹ kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì ní kó mú àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ baba rẹ̀ dání, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Akápò_Àná

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti ojú tán, tèmi ni ti owó àti fẹ́lóṣíìpù.

Òfin Lions ni pé owó tí a bá gbà lọ́wọ́ ará ìlú, ará ìlú ni a gbọ́dọ̀ ná an lé lórí. Nítorí náà, àkántì méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ ìlú, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Oúnjẹ fẹ́lóṣíìpù, fẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ẹgbẹ́, inú owó ọdún tiwa ló ti ń jáde. Bí oníṣòwò kan bá fún yín lówó fún àyẹ̀wò ojú, ẹ má yọ owó báńnà tó ní àwòrán ààrẹ kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ mú ìṣirò rẹ̀ padà fún un lójú ìwé kan: iye tó wọlé, iye awò, iye ojú tí wọ́n ṣe, iye tó kù. Ẹni tó bá rí ìwé yẹn ló tún máa ń fún yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti ìpàdé tó tutù, oúnjẹ ò jẹ̀bi. Àwọn èèyàn kì í wá síbi tí wọn ò ti ní iṣẹ́. Ẹ gbé pátákó lẹ́tà kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàdé fún fẹ́lóṣíìpù mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kìíní, kí optometrist kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń yẹ ojú wò, kí wọ́n yẹ ara wọn wò ní méjì méjì. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ààgo lọ́wọ́, kí ẹ sì rí ẹni tó yára tó sì ní sùúrù. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ jọ to awò sínú àpótí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ káàdì igba. Ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ pátákó kò ní fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ sì ní kí ẹnì kan sọ ìtàn Helen Keller fún àwọn tuntun, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, tó bá àpéjọ Lions sọ̀rọ̀ ní Cedar Point, ní Ohio, ní 1925. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ojú ti di ti Lions.

Ẹ jẹ́ kí Tail Twister, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi ẹ̀fẹ̀ bu owó ìtanràn lé èèyàn nípàdé, ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó pẹ́, ẹni tí fóònù rẹ̀ dún, kó san owó ìtanràn kékeré, kó má kọjá iye tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kí owó náà sì dé ọwọ́ akápò lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì lè bu owó ìtanràn fún Tail Twister fúnra rẹ̀ àfi bí gbogbo ẹni tó wà níjòókòó bá fẹnu kò. Ẹ̀rín tó ń bá a rìn ló ń mú ìpàdé gbóná.

Akọ̀wé_Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ó ya owó iṣẹ́ abẹ sọ́tọ̀ kí a tó ra awò, mo ti rí i pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ló kù: ṣé a lè fi àwọn ọmọ ilé ìwé kún un? Ṣé kí a ra oògùn ìkán sójú fún ojú pípọ́n?

Dókítà_Awò

Àwọn ọmọ, ẹ ṣe tiwọn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀. Lẹ́ǹsì ojú ọmọdé ṣì rọ̀ púpọ̀, ó lè fi ara rẹ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀, nítorí náà oògùn tó ń mú ojú sinmi ni wọ́n ń kán fún un kí wọ́n tó wọn awò rẹ̀. Awò ìkàwé inú àpótí kò tọ́ sí ọmọ kankan.

Oògùn ìkán sójú: ẹ má ra èyí tó ní steroid nínú, ì báà ṣe pé ó wà lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń tètè mú ojú pípọ́n rọlẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn á máa bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́ ó ń gbé ìfúnpá inú ojú sókè, ó sì lè fa cataract. Bí ẹyinjú bá sì ní egbò olú (egbò tí fungus ń fà), bí irú èyí tí ewé àgbàdo tàbí igi oko ń dá sílẹ̀, ó ń jẹ́ kí egbò náà jinlẹ̀ sí i. Àgbẹ̀ tí nǹkan gún lójú, tí ojú rẹ̀ pọ́n tí ó sì ń ro ó, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Bí dókítà bá sì kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú sójú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ gàdàgbà. Kò gbọ́dọ̀ wa ọ̀kadà padà sílé. Ìríran rẹ̀ kò ní já gaara fún wákàtí bíi mélòó kan, oòrùn á sì máa ta á lójú, nítorí náà kí ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ.