Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ọ̀rẹ́ lórí àwo rọ́ọ̀kì tí kò tíì jáde: ìdápadà, àgbọ́sọ tàbí ìjábọ̀?

Láti ọ̀dọ̀: Onígìtá Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ Akọ́mọlédè kọ̀wé lánàá pé ọ̀rọ̀ tí olórin ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó gbé àwo jáde, tí òyìnbó ń pè ní "feedback", ká máa pè é ní "ìdápadà". Bí ìyẹn kò bá wù wá, ó ní ká mú "àgbọ́sọ", torí etí la fi ń gbọ́ orin, ẹnu la sì fi ń sọ ọ́. Àpẹẹrẹ tó mú wá ni ti ọ̀rẹ́ kan tó ṣe àwo "orin àpáta" tó ní orin mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sí èyí tó tọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí àpáta. Rọ́ọ̀kì tó wà nínú orúkọ orin yẹn kò bá òkúta tan rárá. Mímì ni, kéèyàn máa fì síwá fì sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ BLO tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972, tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ Berkley, Laolu àti Odumosu sọ lórúkọ, rọ́ọ̀kì ni wọ́n lù. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ rọ́ọ̀kì.

"Ìdápadà" ló bí mi nínú jù. Ọjà tí kò dáa là ń dá padà. Bí mo bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mo ní ìdápadà fún un lórí àwo rẹ̀, mo ti kọ àwo náà fún un nìyẹn. Ẹ tún rántí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ẹ fẹ́ túmọ̀ yẹn ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ onígìtá. Bí gìtá bá kọjú sí sípíkà tó ń ké tantan, ohùn tó ti inú sípíkà jáde á mi okùn gìtá. Mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn á gbé e lọ sínú ámúpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, ámúpù á tún tì í jáde, á sì máa yí po bẹ́ẹ̀ títí gìtá á fi máa han gooro láìsí ìka kankan lórí rẹ̀. Sún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lè bọ́ sí ohùn mìíràn. Ohùn ló ń padà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo "ìpadàbọ̀ ohùn" fún ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Òyìnbó tó fi ọ̀rọ̀ kan pe nǹkan méjì kò ní ká so tiwa pọ̀.

"Àgbọ́sọ" ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí wọ́n ń gbé kiri ni? Ẹni tó fi àwo tí kò tíì jáde síkàáwọ́ ẹ fi àṣírí síkàáwọ́ ẹ ni. Ẹ kò lè fi orúkọ òfófó pe iṣẹ́ yẹn.

Ìjábọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ tó ní kí o gbọ́ orin òun rán ẹ níṣẹ́, ẹni tí a rán níṣẹ́ á sì jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Ẹ tẹjú mọ́ "bọ̀" yẹn: ẹni tí kò lọ kò lè bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń jábọ̀ àwo pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ná. Kí wọ́n bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Bí olórin ṣì wà lórí ìgbìdánwò, ègbè tó gùn jù ṣeé gé, ìyára orin ṣeé yí. Bó bá ti kù kí wọ́n fi ọwọ́ ìkẹyìn kan àwo náà, tí wọ́n ń pè ní másítà, ọ̀rọ̀ ègbè ti bọ́. Ariwo, ìró ìsàlẹ̀ àti àlàfo àárín orin sí orin ló kù. Kí wọ́n gba fáìlì WAV tí wọn kò fún ohùn inú rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe fóísì nóòtì orí WhatsApp. Kí wọ́n gbọ́ ọ láti orin kìíní dé ìkẹwàá láìmú bírò. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kí wọ́n tó máa kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi wé àwo mìíràn, kí wọ́n mú ariwo àwọn méjèèjì dọ́gba. Etí a máa rò pé èyí tó ké jù ló dáa jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ti ń wọ́. Kí wọ́n gbọ́ ọ nínú íápíìsì, nínú mọ́tò àti lórí fóònù lásán. Fóònù kì í gbé ìró ìsàlẹ̀ gan-an jáde. Bí gìtá báàsì bá sọnù pátápátá lórí rẹ̀, a jẹ́ pé ìró àárín kò sí lára báàsì náà. Bí wọ́n bá fi kún ìsàlẹ̀ nìkan, inú mọ́tò á máa gbọ̀n, fóònù kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Akọ́mọlédè

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti àpáta. Lórí ìjábọ̀, n kò gbà. Àbọ̀ inú rẹ̀ tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì ló ní, gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ tó jẹ́ ìdajì. Àwọn àgbà sì ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ṣé àbọ̀ ni ọ̀rẹ́ á gbọ́ ni, àbí odindi? Yàtọ̀ sí èyí, "lámèyítọ́" ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kí lẹ tún ń wá? "Àwo" tí ẹ ń lò gan-an kò tọ́ mọ́. Fáìlì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kò sí àwo kankan níbẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀: Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń fa àbọ̀ mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹ sì gbàgbé ohùn orin. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ rọ́ọ̀kì yẹn, ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ kọ́kọ́ tẹ́tí sí nìyẹn. Ẹ mú ègbè bíi "Ìlú ń jó". Dò-mí ni ìlú. Bí orin bá gbé ì àti lú sójú kan náà nísàlẹ̀, ó di ìlù. Bó bá tún fa jó wálẹ̀, ó di jò. Ìlú tó ń jóná ti di ìlù tó ń jò. Ohun tó ń fa èyí ni pé onígìtá a máa kọ́kọ́ hun ìró gìtá, á wá ki ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀; bí ìró náà bá ń wálẹ̀, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ bá a wálẹ̀. Wọn kò nílò láti tún gìtá gbà sílẹ̀. Kí akọrin pààrọ̀ ipò ohùn méjì nínú kọ́ọ̀dù kan náà (ìyẹn àwọn ohùn tí gìtá ń lù pọ̀), tàbí kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ohùn rẹ̀ bá a lọ. Kí ẹni tó ń jábọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ní 0:48, ìlù ni mo gbọ́", ó tó.

Wàhálà yìí ti wà láti ayé orin ìsìn òyìnbó tí wọ́n tú sí Yorùbá. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London fún ilé iṣẹ́ àwo Zonophone ní 1922, Yorùbá ló fi kọ wọ́n. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù Kàtídírà Marina láti 1914 dé 1962, kọ odindi ìwé ní 1953 lórí orin Yorùbá. Àwọn àgbà tó ń bọ̀wọ̀ fún dò-re-mí nìyẹn. Ta ló kù?

Láti ọ̀dọ̀: Onígìtá Mọ́kọ́lá

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo ti fi ti ohùn ọ̀rọ̀ sí iwájú.

Ọmọ Akọ́mọlédè, lámèyítọ́ ń bá òǹkàwé àti olùgbọ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó ti jáde. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni ajábọ̀ ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò sì wúlò níbí. "Gìtá yẹn rí bákan" kò di odindi nínú ẹnikẹ́ni. Ẹ wo èyí: "Orin kẹta, 1:12, n kò gbọ́ ohun tí akọrin ń sọ mọ́ láti ìgbà tí gìtá kejì ti wọlé." Olórin mọ ohun tí yóò ṣe sí i: á dín gìtá kù díẹ̀ ní àyíká 2 sí 4 kHz (mímì ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí ohùn ènìyàn ti ń hàn ketekete, tàbí kó sún gìtá méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì. Kí ajábọ̀ sọ ohun tó gbọ́, kó má pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ìdí ni pé àìsàn kan náà lè ní orísun mẹ́ta. Bí gìtá bá ṣú, ó lè jẹ́ dísítọ́ọ̀ṣọ̀n, ìyẹn híha tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ìró gìtá, ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ a máa gba gìtá sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń lò lórí ìtàgé, ìró gìtá méjì á wá lẹ̀ mọ́ra, ìbẹ̀rẹ̀ fífà okùn kò sì ní hàn mọ́. Ó lè jẹ́ ìlù ẹsẹ̀ àti báàsì ló ń jà ní àyíká 60 sí 100 Hz. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ta gìtá náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan, wọ́n sì fi ìdádúró kékeré sún un síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ da ohùn méjèèjì pọ̀ sójú kan, ẹ ó gbọ́ bí gìtá ṣe máa tín-ín-rín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ta.

Kí ajábọ̀ má kọ nǹkan ogún lé olórin lórí. Mẹ́ta tó wúwo jù ni kó fi síwájú, pẹ̀lú ibi tó dáa tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí olórin kò bá mọ èyí tó dáa, á tún un ṣe títí yóò fi bàjẹ́.

"Àwo" kò ní kúrò nílẹ̀. Láyé àwo dúdú, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú kan ń gbà, olórin sì gbọ́dọ̀ ro ohun tó máa ṣí ojú kejì. Títí di òní, bí orin mẹ́ta tí ìyára wọn dọ́gba bá tẹ̀ léra, etí á rẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn là ń pè ní àwo.

Ohun tó kù tí n kò tíì gbà fún yín ni "ìjábọ̀-ìgbọ́" tí ẹnì kan dá lábàá. Ìgbọ́ yẹn pọ̀ jù. Bọ̀ ti sọ pé ó ti gbọ́.