Ẹ gbà mí o, ẹyin lẹ́yà mi tó pupa tẹ́lẹ̀ ti ń funfun

Ẹlẹ́yin Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́yà 300 ni mo ní nínú kéèjì, ẹyin wọn pupa dáadáa látìgbà tí wọ́n ti ń yé, àfi bó ṣe di Ọjọ́rú tí mo rí bíi mélòó kan tí àwọ̀ ẹ̀ ṣá, mo ní kò burú, kó tó di Sátidé ó ti funfun bíi pé èèyàn fi ẹfun kùn ún. Oníbàárà mi tó ń kó kíréètì 20 lọ́sẹ̀ ní mo lọ ra ẹyin ibòmíì wá tà fún òun, obìnrin tí mò ń tà fún láwìn nígbà tí ara ọkọ ẹ̀ ò yá o! Adìyẹ ò ṣàìsàn, wọ́n ń jẹun. Àbí ará ilé kejì yìí ló fi nǹkan ṣe mí? Látìgbà tí mo ti gbẹ́ kànga ni ojú ẹ̀ ti le sí mi.

Bàbá Kéèjì: Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n? Kí ni wọ́n ń jẹ? Oògùn wo lẹ lò? Ẹ ò sọ ìkankan, kànga lẹ ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Àbí àwọn adìyẹ náà ti ń bóra ni 😂

Àdùkẹ́: Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi tí mo bóra fọ́dún mẹ́rin, ojú pọ́n, oríkèé ìka ò gbà, dúdú kirikiri ló wà títí dòní, mi ò lè na ọwọ́ gbowó lọ́jà kí wọ́n má wò ó.

Ìyá Ìbejì: Sísì mi, ẹyin là ń sọ.

Olóko Ìsẹ́yìn: Ẹ̀rù ló ba àwọn adìyẹ yẹn. Ẹyin ń lò tó wákàtí 20 níbi tí èèpo ti ń bò ó, ìparí ẹ̀ ni pupa yẹn ń wọlé, tí nǹkan bá ti da adìyẹ láàmú ó parí. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọgbà mi lọ́dún tó kọjá, ojú mi rí nǹkan.

Bàbá Kéèjì: Infectious bronchitis, àrùn èémí adìyẹ, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo á hunjọ, inú ẹ̀ á ṣàn bí omi, ẹyin á dínkù.

Ẹlẹ́yin Ògbómọ̀ṣọ́: Rárá o, èèpo ń dán, iye ẹ̀ ò dínkù. Ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn tó yẹ́lò náà ti funfun o, ẹ ò rí i pé wọ́n fi ṣe mí ni?

Olóko Ìsẹ́yìn: Ti ẹsẹ̀ yẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Adìyẹ tó ń yé dáadáa, yẹ́lò ara ẹ̀ ló ń kó sínú pupa inú ẹyin.

Bàbá Kéèjì: Mo ní kí ni wọ́n ń jẹ?

Ẹlẹ́yin Ògbómọ̀ṣọ́: Fíìdì lẹ́yà náà ni. Ẹ má bú mi o, ó ti wọ́n jù, àpò bíròílà mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́yìn Kérésì ni mo pò mọ́ ọn láti ọjọ́ Ajé.

Bàbá Kéèjì: Háà! Ẹ lọ wo ara àpò yẹn bóyá ẹ máa rí nicarbazin. Oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ bíròílà ni, kì í ṣe ti lẹ́yà, òun ló ń pa pupa èèpo rẹ́. Ẹ dá a dúró, àwọ̀ á padà. Ẹ má ta ẹyin yẹn, oògùn náà ń wọnú ẹ̀.

Ẹlẹ́yin Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti rí i. Wíníwíní ni wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ àpò. Kíréètì 31 ló wà nílẹ̀ o.

Olóko Ìsẹ́yìn: Ẹ tà á ní pọ́ọ́kú fáwọn oníkéèkì.

Bàbá Kéèjì: Ṣé àwọn tó ń jẹ kéèkì kì í ṣe èèyàn ni?

Ẹlẹ́yin Ògbómọ̀ṣọ́: Oníbàárà mi yẹn ti kó kíréètì mẹ́jọ lọ kó tó wá pariwo. Ta ló máa bá mi pè é?